Tíṣà Kò Ṣe Iṣẹ́ Àṣetiléwá

Lábẹ́ àtíbàbà Ìyá Oníyán, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Ìgbólé-Èkìtì lọ sí Ìdó, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá kò bá ẹnikẹ́ni du èèpo iṣu mọ́, ni Tíṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, gbé jókòó ti àwo iyán, tí ó ń wo iyán, tí iyán náà sì ń wò ó. Ìyá Oníyán kì í sì í ṣe ẹni tí oníbàárà ń jẹun níwájú rẹ̀ kó má gba ìbáwí mọ́ ọn.

ÌYÁ ONÍYÁN: Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Mo gún èyí títí kò fi sí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ wá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ọlọ́pàá fún ní ìwé ìpè. Ṣé ọbẹ̀ ni kò ní iyọ̀ ni, Tíṣà, àbí ẹnu yín ni kò ní adùn?

TÍṢÀ: Ẹ má bú ọbẹ̀, ẹ má sì bú ẹnu. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀: bí mo bá dùbúlẹ̀, nǹkan kan a máa rìn ní àtàrí mi, orí a máa gbóná, àyà a máa lù kì-kì-kì, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò ní sí ohun kan tó wù mí í ṣe, ìbáà ṣe oko, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ìpàdé ẹgbẹ́.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ọdẹ orí ni! Mo mọ baba kan tó ń fi ewé tọ́jú rẹ̀.

TÍṢÀ: Mo ti dé ilé ìwòsàn ní Ìdó. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó wọn ìfúnpá mi, ó ní ara le, pé àìbalẹ̀ ọkàn ló fẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì níyàwó, tí tọkọtaya náà sì ń gbé inú mi láìsan owó ilé.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ìrẹ̀wẹ̀sì! Àìsàn òyìnbó. Ta ló ráyè rẹ̀ ní Èkìtì?

TÍṢÀ: Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó dá ìtọ́jú inú abúlé sílẹ̀ ní Aró, ní Abẹ́òkúta kan náà, ní 1954, níbi tí alárùn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ wọ àwọn abúlé Yorùbá, tí wọ́n ń bi àgbẹ̀ àti ọlọ́jà léèrè bí wọ́n ṣe ń sùn àti bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ìwé tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1963 fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wà lára àwa náà dáadáa, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ó dáa, a ti gbọ́ ti Aró. Kí ni dókítà wá fún yín? Abẹ́rẹ́ ni àbí oníhóró?

TÍṢÀ: Ìwé àti bírò.

ÌYÁ ONÍYÁN: (ó gbé ọmọ odó jókòó) Wọ́n fún tíṣà ní ìwé! Ẹni tó ń rì sómi, wọ́n bu omi fún un mu!

TÍṢÀ: CBT ni wọ́n ń pè é, ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1960 sí 1970, dókítà kan tó ń jẹ́ Aaron Beck, tí wọ́n ti kọ́ láti máa wá gbòǹgbò ìbànújẹ́ aláìsàn lọ sí ìgbà èwe rẹ̀, ṣàkíyèsí pé, bí aláìsàn ti ń rojọ́ fún òun lókè, ọ̀rọ̀ mìíràn ń sáré kọjá lọ́kàn rẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí onítọ̀hún kì í dúró wò: “N kò já mọ́ nǹkan kan,” “Eléyìí náà yóò bàjẹ́,” “Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Bí èèyàn bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ láìwádìí, inú rẹ̀ a bàjẹ́, bí inú bá bàjẹ́, a fi iṣẹ́ sílẹ̀, a sá fún ẹgbẹ́, bó bá sì ti sá fún ẹgbẹ́, ta ni yóò já irọ́ náà fún un? Beck lo 100 ọdún láyé kó tó kú ní 2021.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ìtọ́jú ọ̀hún mọ́ olówó rẹ̀ lára nìyẹn. Àbí kí ẹ máa rẹ́rìn-ín ṣáá ni, kí ẹ máa wí pé gbogbo rẹ̀ dára, kí ilé sì máa jó?

TÍṢÀ: Ó tì o! Ìyẹn ìtànjẹ ni. Èrò náà ni a ó pè lẹ́jọ́, tí a ó ní kó kó ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá, tí a ó sì gbọ́ ti ẹnu ẹlẹ́rìí òdìkejì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń rí dókítà fún bíi wákàtí kan. Kì í sábà ju ìjókòó 20 lọ. Ṣùgbọ́n ilé ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí: kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èrò tó wá, bó ṣe dá mi lójú tó nínú 100, ẹ̀rí tó gbè é, ẹ̀rí tó takò ó.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ẹ mú ìwé náà wá kí n rí i.

(Tíṣà fà á yọ nínú àpò dàńṣíkí. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i. Ojú ewé yòókù funfun báláú.)

ÌYÁ ONÍYÁN: Tíṣà! Ẹ̀yin tí ẹ na ìdajì Ìgbólé nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá! Ìdí ọmọ mi ọkùnrin kò tíì gbàgbé yín!

TÍṢÀ: (ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀) Àwọn olùwádìí pàápàá sọ pé ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé náà ló ń jàǹfààní jù.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò ṣe é! Ẹ ka ìlà kan náà sí mi létí.

TÍṢÀ: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àna mi gun ọ̀kadà kọjá lẹ́bàá ọjà, kò kí mi. Èrò: gbogbo Ìgbólé ti kẹ̀yìn sí mi. Ó dá mi lójú: 90.”

ÌYÁ ONÍYÁN: Gbogbo Ìgbólé! Ṣé kábíyèsí, àwọn ìjòyè, àlùfáà àti gbogbo ọlọ́jà ni ọ̀kadà kan ṣoṣo náà gbé? Láti Ìṣẹ́gun ọ̀hún, ta ló ti kí yín?

TÍṢÀ: Wọ́n... wọ́n kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó sá jáde. Ọmọ tó ń pọnmi náà kúnlẹ̀.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ẹ kọ ọ́! Alápatà ńkọ́? Ó kí yín lánàá, ẹ wolẹ̀, ẹ kọjá. Ó sá wá bá mi níbí, ó ní Tíṣà ń bínú sí òun, pé bóyá nítorí eegun tí òun gé fún un. Òun náà kò sùn! Ẹ ti kó àìsàn yín ran alápatà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín tilẹ̀ tún bá aládùúgbò dákẹ́.

TÍṢÀ: (ó ń kọ wàrà-wàrà) Alápatà... Ó ti wá sí 30.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ó ku àna yín. Ẹ rò pé inú ń bí i?

TÍṢÀ: 80. Ṣùgbọ́n ó ku kí a wá ẹ̀rí òdìkejì...

ÌYÁ ONÍYÁN: Ẹ fi 100 sí i! Inú ń bí i gidi. Owó páànù tó yá yín kí òjò tó dé lọ́dún tó kọjá ńkọ́?

(Tíṣà dákẹ́. Eṣinṣin kan bà lé iyán. Kò lé e.)

TÍṢÀ: Dókítà sọ èyí náà. Ó ní bí èrò bá jẹ́ òótọ́, kí n má bá a jiyàn mọ́, kí n wá ojútùú sí i. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Harare, ní Zimbabwe, níbi tí oníṣègùn ọpọlọ kò pọ̀: Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti 2006 pé kí wọ́n máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu, kí wọ́n bá a mú ìṣòro kan, kí wọ́n sì bá a wá ìgbésẹ̀ kan tó lè gbé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, lórí èèyàn 573, rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú 100 àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà, bíi 14 péré ni àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀.

ÌYÁ ONÍYÁN: Àwọn ìyá àgbà! Ẹ yáa mọ̀ pé orí bẹ́ǹṣì lẹ jókòó sí yìí o, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ó san owó ìjókòó.

TÍṢÀ: Ẹ má yára gbé agbádá oníṣègùn wọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ti ìwé àti bírò kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti abẹ́ àtíbàbà. Kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí dókítà bá sì fún èèyàn lóògùn, kó lò ó. Oògùn àti ìwé kì í bá ara wọn jà.

ÌYÁ ONÍYÁN: Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ó yá, ilé àna yín, kí oòrùn tó wọ̀.

TÍṢÀ: Lónìí? Yóò lé mi jáde. Yóò pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò mí. 85!

ÌYÁ ONÍYÁN: Ẹ kọ 85 náà sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí a wá wò ó lọ́la bóyá ó ṣẹ. Ẹ mú ìdajì owó dání, ẹ dá ọjọ́ fún ìyókù.

(Tíṣà kọ ọ́, ó jẹ iyán tán pátá, ó pọ́n ọwọ́ lá, ó dìde, ó gbọn dàńṣíkí.)

TÍṢÀ: Ìyá Oníyán, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé owó tí ń bẹ lọ́wọ́ mi, ti àna mi ni gbogbo rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ ti iyán yìí sí ara ògiri.

ÌYÁ ONÍYÁN: Kí èmi náà wá di ẹni tí yóò máa kọjá lórí ọ̀kadà tí kò ní kí yín? Ẹ sanwó mi, Tíṣà!