Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà, Àfojúbà Ò Tó Másítà

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ má bá wọn wí. Ayé wọn ò ní yunifásítì. Àfojúbà ń gba owó ọkọ̀ láti Alágbàka dé Ọjà Ọba, ó ń gba kí oòrùn pani, ó sì lè mú èébú ìyá aláta dání: "Ẹ kúrò níwájú igbá mi, oníbàárà ń bọ̀." Másítà ìmọ̀ ìròyìn ò gba gbogbo wàhálà yẹn. Dátà ló ń gbà.

Kì í ṣe pé mo ń fi oníwèé ṣẹ̀sín. Ní Àkúrẹ́, níbi tí rédíò ìpínlẹ̀, Positive FM, Adaba FM àti ìwé ìròyìn The Hope wà, akọ̀ròyìn tó ní HND mọ ohun tójú òun ń rí. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá irú wọn dúró ní ìpele 14, tí ọmọ oní-dígírì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ níṣẹ́ á sì fò wọ́n kọjá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ta ilẹ̀ baba rẹ̀ láti fi san owó PGD, tó tún gbé másítà lé e, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ìjọba náà ò sùn: àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì ti pín ẹ̀kọ́ Mass Communication sí méje. Ìmọ̀ di méje, olórí ẹ̀ka lè di méje, ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè iye kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́.

Orí kẹta ìwé àpilẹ̀kọ ni eré ti ń dùn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka èèyàn. Ẹ jẹ́ ká ní akọ̀ròyìn rédíò kan ló ń kọ tirẹ̀, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Ìhà Tí Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó Kọ sí Ìròyìn Rédíò." Taro Yamane fi ìṣirò iye èèyàn tó yẹ ká bi léèrè sílẹ̀ lọ́dún 1967 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ò lè fi ṣeré. Ẹ da ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350 èèyàn sínú rẹ̀, á bí 400. Ẹ da mílíọ̀nù kan sí i, 400 náà ni. Ẹ kó gbogbo Èkó dà sí i, kò ní kọjá 400. Ìṣirò ò ṣe nǹkan kan; àwọn 400 ọ̀hún la ń wá. Fọ́ọ̀mù Google, lédè Òyìnbó, ni wọ́n jù sórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ọmọ kíláàsì àti ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí. Àbúrò tó wà ní Manchester di ará Oǹdó lójú ẹsẹ̀, ó tẹ "mo gbà gan-an" láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè ráyè sùn. Nígbà tó ku 63, akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ ara rẹ̀ di àgbẹ̀ kòkó, ó di télọ̀, ó di awakọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ó tiẹ̀ di opó. Ìyá aláta ò mọ̀ pé òun náà ti fèsì, pé òun "gbà díẹ̀" pé rédíò ń gbé àṣà lárugẹ.

Orúkọ McCombs àti Shaw kì í sì wọ́n ní orí kejì. Àwọn onímọ̀ ìròyìn yìí, nígbà ìdìbò Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, wá olùdìbò 100 tí kò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún rí ní ìlú Chapel Hill, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó ká wọn lára, wọ́n wá gbé èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Àwọn tiwa ń tọ́ka sí wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò wù wá.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ò wọ́n nígboro. Lọ́dún 2023, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ti Jámánì dé lóṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú àìsàn, Ìbàdàn ló sì wọ̀ sí. Ní Àkúrẹ́, àtẹ̀jáde ń gun orí àtẹ̀jáde pé iṣẹ́ ìjọba ń lọ. Ẹnu ọlọ́kadà ni mo ti gbọ́ ìbéèrè tó yẹ akọ̀ròyìn: "Ta ló fojú rí i?" Ọlọ́run ti mú gómìnà lọ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọlọ́kadà ò ní másítà, nítorí náà kò wọ orí kejì ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ dìfẹ́ǹsì, ọ̀gá tó wá láti yunifásítì mìíràn ṣí ìwé, ó wo akẹ́kọ̀ọ́ wa lókè gíláàsì rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn 63 ti dé.

"Kọ́mà tó yẹ kó wà lẹ́yìn McCombs lójú ewé 47 dà?"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, màá tún un ṣe."

Ó yege. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, òjò ń rọ̀, kò jáde nílé. Àtẹ̀jáde yunifásítì wọ orí fóònù rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ó gé e kúrú, ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ní aago mẹ́fà, rédíò ròyìn bí gbọ̀ngàn ṣe kún fọ́fọ́ àti bí inú àwọn onímásítà tuntun ṣe ń dùn, ó wá fi kún un pé: "Akọ̀ròyìn wa, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ló fi èyí ránṣẹ́."