N Ò Gbọ́ Dídún Aṣọ Yẹn

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, etí ni Màámi fi ń yẹ aṣọ fífọ̀ wò. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, èmi á wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú báàfù, ọṣẹ bàá àti aṣọ ilé-ìwé. Bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí ibẹ̀ dákẹ́, ohùn á ti inú ilé jáde: "N ò gbọ́ dídún aṣọ yẹn o!"

Aṣọ gbọ́dọ̀ dún. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ fọṣọ rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ ó wé aṣọ mọ́ ọwọ́ òsì, ẹ ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún máa gbo ó mọ́ ọrùn ọwọ́, afẹ́fẹ́ àti ìfófòó ọṣẹ á há sí àárín, á sì máa ké ṣùẹ̀-ṣùẹ̀-ṣùẹ̀ bí ọmọ eku tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ó gbà mí tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń dún tirẹ̀ láti ọmọ ọdún méje, ó sì ń fi ṣe yàngàn fún gbogbo ojúlé. Nígbà tó yá, èmi náà jágbọ́n. Mo kọ́ bí aṣọ ṣe ń dún láìmọ́. Mo lè mú ìṣẹ́tí síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kí n máa dún un fún odidi ìdajì wákàtí, kí n sì ri ìyókù bọmi lẹ́ẹ̀kan, kí n sá a. Màámi á ní, "O ṣé o, ọkọ mi, ọwọ́ rẹ ti ń dá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òfin aṣọ fífọ̀ nílẹ̀ wa kò bá ìdọ̀tí wí. Ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tó ń wò ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá ni ọmọ àbúrò mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì mi kan sókè, ó ní, "Bọ̀dá, kí ni àwọn àwòrán inú ọrùn aṣọ yìí ń sọ?" Mo wò ó. Báàfù kan wà níbẹ̀ tó ní omi nínú. Onígun mẹ́ta kan wà tí wọ́n fi àmì X pa rẹ́. Áyọ́ọ̀nù kan wà pẹ̀lú ẹ̀kán méjì nínú, àti òbírí kan tó dá dúró bí owó kọ́bọ̀ tó já bọ́. Mo sọ fún un pé orúkọ télọ̀ ni.

Irọ́ ni, mo mọ̀. Lọ́dún 1963 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris tí wọ́n ń pè ní GINETEX, nítorí irú àwòrán yìí gan-an. Ìjọba Amẹ́ríkà ní tiwọn gbé ìlànà jáde ní 1971 pé aṣọ tí wọ́n bá ń tà gbọ́dọ̀ ní bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lára. Onígun mẹ́ta tí wọ́n pa rẹ́ yẹn ń bẹ̀ yín pé ẹ má da Jik tó ń bó àwọ̀ aṣọ sí i. Òbírí ń sọ pé kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń fi kẹ́míkà fọṣọ láìlo omi. Àgbà lòyìnbó, ó ro gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí kò rò ni pé lébẹ́ẹ̀lì máa ń yún ènìyàn lọ́rùn, bíléèdì la sì fi ń gé e ní ọjọ́ àkọ́wọ̀. Èyí tó bá yè é, alágbàfọ̀ ló ni ín. Orí rẹ̀ ni yóò fi báírò kọ àmì oníbàárà sí. Lára ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ báyìí, "B. DÚDÚ 3" ló bo báàfù, onígun mẹ́ta àti áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ pátápátá. Èmi ni Bàbá Dúdú. Bí mo ṣe di ẹ̀kẹta ni n kò mọ̀.

Nọ́ńbà 30 tún wà nínú báàfù ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, pé omi tí a ó fi fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ gbóná ju 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé inú ẹ̀rọ ni omi ti ń gbóná. Kò mọ tánkì dúdú tó wà lórí òpó irin lẹ́yìnkùlé wa. Ní oṣù kẹta ọdún, ní aago méjì ọ̀sán, omi tó ń jáde nínú tánkì yẹn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi tẹ ẹ̀bà. Àwa tí a ń wá omi tútù mu, ibo la ti fẹ́ rí ti ṣẹ́ẹ̀tì?

Ìfófòó ńkọ́? Ní ilé wa, ọṣẹ tí kò bá hó, ọṣẹ olè ni. Gbogbo ọṣẹ lúbúlúbú ló ń jẹ́ Omo. Wọ́n lè rán yín ní Omo kí ẹ mú Ariel dé, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hó. Pé ìfófòó kọ́ ló ń yọ ìdọ̀tí, pé ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í hó púpọ̀, ẹ lọ sọ ọ́ fún aládùúgbò wa kan tó da ẹ̀kún ife Omo ọlọ́wọ́ sínú ẹ̀rọ ẹlẹ́nu iwájú. Ìfófòó náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Inú obìnrin náà dùn. Ó ní irú ọṣẹ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Búlúù ni kí ẹ jẹ́ ká sọ. Màámi á dì í sínú àkísà mímọ́, wọ́n á so ó bí ẹni so oògùn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú omi ìṣanṣọ ìkẹyìn, wọ́n á máa yí i títí omi náà á fi rí bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Wọn kì í jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án, nítorí bí kò bá yòrò dáadáa, tó-tó-tó ló máa ń tò sára aṣọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé búlúù kì í fọ nǹkan kan. Aṣọ funfun tó bá ti gbó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ aró díẹ̀ ló ń fi pípọ́n yẹn pamọ́ fún ojú, ojú á sì gbà pé funfun ló rí. Ẹ wo sùtánà àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun ní ìṣọ́ òru, bó ṣe ń dán gbinrin. Aró ni. Ẹ má sọ fún wòlíì pé èmi ni mo wí.

Aró tèmi kò sí nínú àkísà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyàwó mi, ó sì ra àdìrẹ ẹlẹ́lú tuntun ní Ìtòkú. Òfin wọn ní Abẹ́òkúta ni pé àdìrẹ ń dá wẹ̀ ni, pẹ̀lú iyọ̀, kò gbọdọ̀ bá aṣọ kankan jókòó. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo fẹ́ fi hàn pé ọkọ gidi lèmi, mo kó gbogbo aṣọ inú agbọ̀n pọ̀, mo rẹ ẹ́ sínú báàfù kan, mo lọ wo bọ́ọ̀lù. Gíní funfun tí mo rán fún ọdún Àjíǹde wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà dé, gíní ti di aláró, kódà ó ti mú díẹ̀ nínú ọnà àdìrẹ náà. Ìyàwó mi yọ ọ́ jáde, ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Owó búlúù ti wọlé."

N kò tún ní fẹnu kan òfin omi, nítorí ìyẹn nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún. Nílé tí omi kò ti ń sáré nínú ẹ̀rọ omi, kò sí omi ìfọṣọ tó jẹ́ à-dà-nù. Aṣọ funfun ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Aláràbarà tẹ̀lé e, aṣọ ilé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aṣọ ìnulẹ̀ àti bàtà ọmọ. Èyí tó bá kù, ẹ ó fi fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó fi èyí tó gbẹ̀yìn ta ilé ìyàgbẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan yóò ṣiṣẹ́ mẹ́fà kó tó simi. Kí àwọn ará Paris wá ya àwòrán ìyẹn.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nílé wa o, kí ẹ má baà rò pé a kò dé ibì kan. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní London ló fi ránṣẹ́. Ìyàwó mi rán aṣọ ìbora fún un, ó gbé àwòrán ìgbéyàwó wa lé e lórí, gààrí Ìjẹ̀bú sì wà nínú rẹ̀, nítorí kòkòrò kò lè wọ ibẹ̀. Ní ti iná mànàmáná, Báńdì A ni wọ́n fi àdúgbò wa sí. Ní oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n sọ yúníìtì kan di náírà 225 fún irú wa, mo dúró níwájú mítà, mo rí i bó ṣe ń ka nọ́ńbà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, gààrí kò tíì jáde.

Ní ti ṣòkòtò jíìnsì, àríyànjiyàn wà láàárín èmi àti ọmọ àbúrò mi. Kì í fọ tirẹ̀. Ó ní fífọ̀ ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ní ẹlẹ́rìí: Chip Bergh, ọ̀gá Levi's nígbà náà, sọ ní gbangba ní 2014 pé jíìnsì tó wà nídìí òun ti lo ọdún kan láìrí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo ní ọ̀gá Levi's ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ṣé ọ̀kadà ló gùn láti Ìyànà Ìpájà dé Òṣòdì? Ọmọ náà kò dáhùn. Ṣòkòtò rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, ó dá dúró, kò sẹ́ni tó dì í mú.

Àwọn òfin ìyá àgbà kan wà tí mò ń pa mọ́ láìbéèrè. Aṣọ ọmọ jòjòló kì í sun ìta, nítorí ẹyẹ òru. Gbogbo aṣọ tó bá sá níta, ẹ lọ̀ ọ́ kó gbóná dáadáa, títí kan pátá. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé, mo rò pé àṣejù ni. Àṣé eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò tíì gbẹ tán. Ìdin rẹ̀ á wọ abẹ́ awọ, á wú bí eéwo. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin náà. Kò sí lébẹ́ẹ̀lì tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìyá àgbà kò sọ ìdí rẹ̀ náà, wọ́n kàn ní ká lọ̀ ọ́.

Ó wá ku òfin tí n kò tíì rí ẹni tó rú u. Ẹ yí ojú sí okùn aṣọ ilékílé. Léèsì ló ń kọjú sí títì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé léèsì kò nílò oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Aṣọ òkè tí kì í fojú kan omi, àwọn kan á tún gbé e síta kó gba afẹ́fẹ́, kí ìyá tó ń kọjá lè bi wọ́n pé èló ni. Pátá àti kọ́mú dà? Wọ́n wà ní bálùwẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú òkùnkùn, wọ́n ti ń gbẹ láti ọjọ́ Ajé. Aṣọ tí ó sún mọ́ ara jù, tí oòrùn yẹ kó kọ́kọ́ tọ́jú, òun ni kì í rí oòrùn. Èyí tó bá sì ráyè dé okùn, abẹ́ táwẹ́ẹ̀lì ló ń gbé bí ìyàwó olóyè. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn géètì, ẹ wo bí obìnrin ilé ṣe ń sáré lọ ká kọ́mú, bí ẹni tó ń kó ìbọn pamọ́ fún ọlọ́pàá.

Sátidé tó kọjá, ojú ọjọ́ dédé ṣú. Ẹnì kan lókè pariwo, "Òjò ń bọ̀ o! Ẹ káṣọ!" Èmi nìkan ni ọkùnrin tó wà nílé, mo bọ́ síta. Mo ká tiwa, mo ká ti ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀, mo dé ìdí táwẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé kan tó jẹ́ ti bàbá onílé. Wọ́n ti lọ síbi ìsìnkú. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ, wọn kì í rẹ́rìn-ín, ohùn wọn nìkan ń mú kí géètì ṣí fúnra rẹ̀. Mo gbé etí táwẹ́ẹ̀lì sókè. Pátá mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ osùn, tí wọ́n ya àwòrán ọkàn funfun sí yíká.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Bí mo bá kó wọn wọlé, ọwọ́ wọn ni mo máa fi í lé, wọ́n á sì mọ̀ pé mo ti rí i. Oṣù tó ń bọ̀ ni owó ilé mi pé. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lórí. Mo rọra da táwẹ́ẹ̀lì bò ó padà bí mo ṣe bá a, mo fi pẹ́ẹ̀gì méjì há a dáadáa, mo kó tèmi wọlé, mo sì ti fèrèsé.