Pápá Àwọn Ọmọ Tó Ń Fi Mí Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé! Èmi ọmọ Èjìgbò tí mò ń ta táyà àlòkù jẹ́ẹ́jẹ́ mi ní Àbíjàn, ta ló fi mí jẹ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò gba pápá bọ́ọ̀lù ọmọdé sílẹ̀? Wọ́n ní torí pé àwọn ọmọ mi wà nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wo? Àwọn tó sọ mí di ẹni ẹ̀sín nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire wọ̀yá ìjà ní Ebimpé, níbi àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ tí mo bí wọ aláwọ̀ ọsàn. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, mo fò sókè. Kessié dá a padà, mo jókòó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Haller tọ́ ẹsẹ̀ sí i, àwọn ọmọ gun àga mi, wọ́n ń jó. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin: 2-1 ni. Títí dòní, bí mo bá bá àbíkẹ́yìn mi wí, á na ìka méjì sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, á na ẹyọ kan lọ́wọ́ òsì.

Ẹnì kan ti wá ra pápá tí àwọn ọmọ yìí ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní ìwé ACD, ìwé tí ìjọba fi ń sọni di onílẹ̀ pátápátá. Tiwa ò ju lẹ́tà àtijọ́ kan tó ti ń ya lọ. Trọ́ọ̀kù ti da yẹ̀pẹ̀ sí ojú ilé bọ́ọ̀lù apá ọ̀tún, àwọn ọmọ ò sì yé gbá bọ́ọ̀lù: aṣọ́lé wọn gun òkìtì náà, ó ní òun ń rí iwájú dáadáa. Òpó ilé kejì ńkọ́? Táyà mi ni. Ẹnikẹ́ni ò sanwó ẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà wá o. Ọdún 2024 yẹn náà ni katapílà tí ń wólé wọ àdúgbò Gesco ní Yopougon ní Àbíjàn níbí, kò yọ ilé ìwé sílẹ̀.

A pe ìpàdé. Ẹgbẹ́ kan tó ní gbọ̀ngán ní àwọn ọmọ lè máa lò ó, àfi Sátidé tó jẹ́ ti ìgbéyàwó, àti Sọ́ńdè tó jẹ́ ti ìpàdé. Nínú ọjọ́ tó kù, Mọ́ńdè láago mẹ́wàá àárọ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Bàbá tó ni ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ pápá sunkún níṣojú wa. A ò mọ̀ pé ó ti lọ bá onílẹ̀ tuntun sọ̀rọ̀ ibi tí yóò kó àga sí. Òmíràn wò mí, èmi Yorùbá, lójú: “Ẹ̀yin Ànàgó lẹ lówó.” Owó táyà àlòkù!

Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú yìí ló ń fi bọ́ọ̀lù yangàn. Ní 1999, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ASEC kó àwọn ọ̀dọ́ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn jáde, wọ́n fi 3-1 na Espérance ti Tùnísíà, wọ́n gba Super Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Kolo àti Yaya Touré ti jáde. Ẹ béèrè orúkọ wọn, ọmọ ọwọ́ á dá yín lóhùn. Ẹ wá béèrè ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò ti gbá bọ́ọ̀lù kí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó rí i, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Èyí tó dùn mí jù rèé: bí mo bá gba pápá yìí là, ta ni mò ń tọ́ dàgbà? Ẹni tí yóò tún na Nàìjíríà ni! Owó Èjìgbò, táyà Èjìgbò, òógùn Èjìgbò. Àwọn tó wọ aláwọ̀ ọsàn lọ́jọ́ọjọ́sí dà? Wọ́n ń retí ife mìíràn.

Mo dá owó ṣá, mo sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Mo wá fi àdéhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ọmọ mi yòówù tó bá di agbábọ́ọ̀lù látorí pápá yìí, Nàìjíríà ni yóò gbá fún. Àbíkẹ́yìn kà á tán, ó rẹ́rìn-ín: “Bàbá, Faransé lẹ fi kọ gbogbo lẹ́tà, Yorùbá lẹ fi kọ èyí. Ta ni yóò kà á?”