Ẹyin Lọ̀rọ̀, Ẹyin Ni Fóònù

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa òwe yìí fún mi, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tí ẹnu mi bá ti kó bá mi tán. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni irú igbá tó yẹ ká kó ẹyin ọ̀hún sí. Mo rò pé ìyẹn ò yẹ lóhun tí à ń sọ ni. Alájàpá tó ń kó ẹyin ti oko bọ̀ mọ̀ pé igbá gbọ́dọ̀ le ju ẹyin lọ. Àfìgbà tí mo rí ẹni tó fi èèpo ẹyin ṣe igbá ẹyin.

Ìdána ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la lọ ṣe n'Íbàdàn. Àwa lẹbí ọkọ, nítorí náà àwa la dọ̀bálẹ̀; ẹbí ìyàwó ló gbà wá lálejò. Nígbà tí a jókòó tán, ẹ̀gbọ́n wa ká agbádá sí èjìká ọ̀tún, wọ́n ká a sí tòsì, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò tó wà nísàlẹ̀ bùbá, wọ́n sì fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ. Wọ́n tú áńkáṣíìfù, àpò awọ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣí àpò awọ, ohun kan tó nípọn bí ìwé ìrìnnà méjì jáde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ààfáà bá ń ṣí Kùránì, ó sì tẹ́ rẹrẹ bí àtẹ. Gbogbo tábìlì pa lọ́lọ́. Ọmọdé kan na ìka sí i.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Onígángan dá ìlù dúró. Ìyá ìyàwó yọjú láti ilé ìdáná wá wo ẹni tí iná jó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n fẹ́ pe dírẹ́bà. Wọ́n ká fóònù ńlá náà, wọ́n dá a padà sínú awọ, awọ sínú áńkáṣíìfù, áńkáṣíìfù sísàlẹ̀ bùbá. Wọ́n wá yọ fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì kan látinú àpò agbádá, èyí tí wọ́n fi rọ́bà dè kí bátìrì má baà já bọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó tóbi ńkọ́?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n wọ àlàárì lọ roko. "Ìyẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pe dírẹ́bà."

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré lo fi sọ̀rọ̀, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọn yóò yọ. Ọdún 2003 la tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹyin nígbà náà lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó máa ń kọ ohun tó fẹ́ sọ sórí bébà kó tó tẹ nọ́ńbà. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ lanu rárá, wọ́n á kàn fílááṣì: ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé mo ti délé, ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé tètè pè mí, ó ti dọ̀ràn. Ohun tí wọ́n sì fi ń gbé ẹyin yẹn, òkúta ni. Nokia 3310 bá já bọ́ lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á pín sí mẹ́ta: ẹ̀yìn, bátìrì àti ara. Wàá ṣà á jọ, wàá tò ó padà, wàá fẹ́ ẹ fùú, á tàn. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ju ewúrẹ́ rí. Ewúrẹ́ ló ké.

Fóònù tó ń ká pàápàá kì í ṣe tuntun. StarTAC ti Motorola ti wà láti 1996, Razr V3 wọn sì dé lọ́dún 2004, òun ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe fáàrí nígbà náà. Ṣùgbọ́n oríkèé ló ń ká nínú ìyẹn. Ojú fóònù dúró gbọin lápá kan, bọ́tìnnì dúró lápá kejì. Adùn rẹ̀ tó ga jù ni kí èèyàn máa bínú kó wá pa á dé, pá! Ẹni tó wà lódì kejì á mọ̀ pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún òun síta. Kò sẹ́ni tó lè fi ìbínú pa fóònù mílíọ̀nù mẹ́ta náírà dé. Ìbínú náà á dúró de ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bá ráàyè.

Ní ti òde òní, ojú fóònù gan-an ló ń ká. Ilé iṣẹ́ Royole, ní Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà, FlexPai, ní ìparí ọdún 2018. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá sílé báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Samsung fi Galaxy Fold han aráyé, dọ́là 1,980 ni wọ́n pe owó rẹ̀, wọ́n sì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ni yóò dé ọjà. Wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ rán àwọn oníròyìn tó máa ń yẹ fóònù wò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òmíràn ti ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, òmíràn ti kú fin-ín fin-ín. Àwọn kan nínú wọn rí ọ̀rá kan lójú rẹ̀, wọ́n ní irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tuntun ni, wọ́n bó o. Àṣé ara ojú fóònù ni.

Bí wọ́n bá mú un wá fún wa ni, ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Àga onírọ̀rí tí bàbá mi rà, ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga; bó o bá jókòó sí i lákòókò ooru, awọ ẹ̀yìn itan rẹ ni wàá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀làjú ló pa fóònù àwọn òyìnbó yẹn.

Samsung sún títà rẹ̀ síwájú. Wọ́n dí ihò orí àti ìsàlẹ̀ híńjì, ibi tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé, wọ́n fa etí ọ̀rá náà wọ abẹ́ férémù kí ọwọ́ aláìgbọ́ran má baà tó o, ó sì di oṣù kẹsàn-án kó tó dé ọjà. Lọ́dún 2020, wọ́n gbé Galaxy Z Flip jáde, wọ́n ní gíláàsì gidi ti dé. Gíláàsì ni lóòótọ́, nǹkan bíi máíkírómítà 30. Irun orí nípọn jù ú lọ. Torí pé ó fẹ́lẹ́ ló ṣe ń ká, torí pé ó fẹ́lẹ́ náà ni wọ́n ṣe tún fi ọ̀rá bò ó lójú, ọ̀rá yẹn sì ni ìka rẹ ń tẹ̀. Inú híńjì ọ̀hún ni mo ti wá rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: wọ́n to fọ́nrán wẹ́wẹ́ sí i bí ọwọ̀, kó máa gbá eruku dànù nígbàkigbà tí o bá ṣí i tàbí tí o bá pa á dé. Ìgbálẹ̀, nínú fóònù! Ẹni tó kọ́ ilé tó sì ní kí ìgbálẹ̀ máa gbé inú ògiri mọ ohun tó ń bọ̀.

Ohun tó ń bọ̀ náà kò pọ̀ níbòmíràn tó bó ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 2021, ti Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í dènà omi. IPX8 ni àmì tí wọ́n fún un. 8 yẹn, ti omi ni. X tó jókòó síbi tó yẹ kí nọ́ńbà ti eruku wà ń sọ pé kò ní máàkì níbẹ̀. Nígbà tó di 2024, X di 4, ó di IP48: ohun tó bá ju mìlímítà kan lọ kò ní lè wọlé. A dúpẹ́. Ẹ̀wà ò lè wọ inú fóònù mọ́. Ṣé ẹ ti rí eruku ọyẹ́ tó tóbi tó mìlímítà kan rí? Lọ́dún 2025 ni Google gbé Pixel 10 Pro Fold jáde, tí wọ́n fún un ní IP68, 6 sì ni máàkì tó ga jù fún eruku. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà: ẹyin ti ń le sí i.

Àwọn tó ń ṣe é á tún ní ó ṣeé ká ní ìgbà 200,000. Àwọn baba wa tó fi owó ẹyọ náwó á pe ìyẹn ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, wọ́n á sì béèrè ẹni tó kà á. Ẹ̀rọ ló kà á. Ẹ̀rọ náà ń ṣí i, ó ń pa á dé, nínú yàrá tó mọ́ tónítóní, níbi tí kò sí gàrí, tí kò sí kọ́kọ́rọ́, tí kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Èyí tó jáde lọ́dún 2025, Z Fold7, wọ́n ní ó lè dé 500,000. Mo jókòó, mo ṣírò ti ẹ̀gbọ́n wa. Bí wọ́n bá ń ṣí tiwọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá á gbé wọn dé ọdún 137. Kíká kọ́ ló ń pa á. Yangí kékeré kan tó há sí àárín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun ló ń pa á.

Ẹ sì wo èèwọ̀ rẹ̀. Ọbàtálá tó jẹ́ òrìṣà, ẹmu ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mu. Ti fóònù yìí pọ̀ ju ti òrìṣà lọ: èékánná ò gbọ́dọ̀ tẹ ojú inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àti owó kọ́ìnì ò gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pa á dé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bó ọ̀rá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àwọn tó ń ra èyí tó kéré, tó ń ká bí àpò ìṣaralóge. Àwọn obìnrin òde ńkọ́, pẹ̀lú èékánná àlẹ̀mọ́ tó gùn bí ẹnu àkàlàmàgbò! Mo wo ọ̀kan tó ń fi ẹ̀yìn ìka tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ níbi ìdána yẹn. Ó gbà á ní odindi orin kan láti kọ "mò ń bọ̀".

Ìlà àárín rẹ̀ náà ńkọ́? Bó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, wàá rí i pé fóònù náà kọlà. Kì í ṣe pélé, kì í ṣe àbàjà. Ilà kan ṣoṣo ni, tó dá ojú sí méjì. A ti bá àwọn òbí wa jà títí wọ́n fi ṣíwọ́ ilà kíkọ lójú ọmọ, a wá ń kó owó gọbọi lọ́wọ́ lọ ra fóònù tó kọlà. Owó ọ̀hún ńkọ́? Dọ́là 1,999 ni wọ́n pe Z Fold7 nígbà tó jáde. Bí a bá fi náírà 1,500 ṣírò dọ́là kan, mílíọ̀nù mẹ́ta ló kù díẹ̀ kó pé. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí, náírà 70,000, á fi oṣù 43 sanwó rẹ̀, bí kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí ọmọ rẹ̀ ò sì ṣàìsàn. Tecno tí gbogbo wa mọ̀ náà ti bọ́ sí i láti 2023 pẹ̀lú Phantom V Fold, owó tiwọn sì rọjú ju ti Samsung lọ. Ẹyin tó rọjú, ẹyin náà ni.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, n'Íkẹjà, bóyá ó máa ń rí wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, àwọn tó ni ín kì í wá fúnra wọn, dírẹ́bà ni wọ́n máa ń rán." Ó ní ti fóònù lásán, gíláàsì la ó pààrọ̀, ti èyí, bí ojú inú bá ti lọ, òun àti férémù àti híńjì ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì tó ra fóònù mìíràn tó dáa. Mo ní kí ló wá ń sọ fún wọn. Ó ní, "Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó kí n tó sọ ọ́."

Mi ò sọ pé kò wúlò o. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ á rí lẹ́tà kà gàdàgbà. Aránṣọ lè tẹ́ ẹ síwájú oníbàárà kó fi ìrísí ẹ̀wù hàn án, bẹ́ẹ̀ ni agbẹjọ́rò tó wà lójú ọ̀nà lè fi ka ìwé àdéhùn láìgbé kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, tí kì í rìn nínú iyanrìn, tó sì lówó tó lè sun bí ó bá fọ́, kó rà á. Mo ti rí ẹni tó ti lo ti ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ tí mo ń rí níta kò lò ó. Wọ́n ń tọ́ ọ ni.

Ẹ jẹ́ n padà sí ìdána. Nígbà tí ó parí, èmi àti ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Ọkọ̀ ò tíì kúrò ládùúgbò tí wọ́n fi tú áńkáṣíìfù, wọ́n tú awọ, wọ́n ṣí fóònù, wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn àbúrò wọn lórí WhatsApp: ẹran tí àwọn èèyàn yìí fún wa, bí èèyàn bá fẹ́ ẹ, á fò lọ, irú ẹbí wo ló ń gé ẹran bí ẹni ń gé èékánná? Wọ́n rán an, wọ́n ká a, wọ́n wé e, wọ́n tì í bọ ìsàlẹ̀ bùbá, wọ́n jókòó lé ìdajì agbádá.

Fóònù tèmi dún. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n nínú rẹ̀. Orí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹbí méjèèjì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè pa á rẹ́!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa agbádá lábẹ́ ara wọn. Áńkáṣíìfù ti takókó. Awọ ò tètè ṣí. Mo ní, "Ẹ yára, wọ́n ti ń gbọ́ ọ!"

"Má kán mi lójú," ni wọ́n wí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. "Bí mo bá fi ìkánjú ṣí i, kíkán ló máa kán."

Ó ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ rekete, kò síbi tó ha. Ìyá ìyàwó ti ń gba ohùn tiwọn náà sílẹ̀.