Ọdún Kan Tí Ó Sọnù Lójú Ọ̀nà

Ilé ni àwọn bàbá wa ń wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ, wọn kì í wo àpò. Bí ọjọ́ kẹjọ bá sì ti pé, tí oyin àti iyọ̀ ti kan ọmọ tuntun lẹ́nu, orúkọ náà di tirẹ̀ títí dé ibojì, láìsí pé ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn lọ́dọọdún láti gba owó ìlò rẹ̀. Àwa tí a wá bí ọmọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni a rí orúkọ tí ń san owó ilé.

Orúkọ ìkànnì mi, èyí tí .com jẹ́ ìdí rẹ̀, wà lọ́wọ́ oníṣòwò orúkọ kan, Agbowó-má-fọhùn, ọmọ Agbà-má-dá-a-padà. Lọ́jọ́ tí ọdún pé, kò kí mi, kò bi mí, ó ti fa owó ọdún tuntun yọ lára káàdì báńkì mi, ní dọ́là. Ohun tí báńkì sì sọ ọ́ dà ní náírà kì í ṣe ohun tí à ń sọ létí ọmọdé. Mo fi ọgbọ́n àgbà gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pé oníṣòwò mìíràn ń ta tirẹ̀ ní owó tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá di ẹrù orúkọ mi, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní kóòdù ìkọ̀kọ̀ kan, gígùn, wíwọ́, bí ọfọ̀ tí àṣìpè rẹ̀ lè fọ́ni lójú. Wọ́n fún oníṣòwò àtijọ́ ní ọjọ́ 5 kí ó rojọ́ bí ó bá ní ẹjọ́, bí ó bá sì dákẹ́, a jẹ́ pé ó gbà. Ó dákẹ́. (Ìwà rere kan ṣoṣo tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.) Oníṣòwò tuntun gba owó ọdún kan, nítorí ICANN, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1998 láti máa ṣòfin irú orúkọ wọ̀nyí, ti là á sílẹ̀ pé orúkọ .com tí ó bá ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn yóò fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún kan tí mo ti san tẹ́lẹ̀, ọdún kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san: ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ pé méjì ni. Mo ṣí ìwé wọn wò, mo bá ẹyọ kan.

Mo kọ̀wé sí ti àtijọ́. Ó ní ọdún náà ti bá orúkọ lọ. Mo kọ̀wé sí tuntun. Ó ní ọdún kankan kò sọ̀kalẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Àbí ọdún di ewúrẹ́ tí ó já okùn ní gáréèjì Ọjọ́ta, tí ọkọ̀ Ìbàdàn sì ṣí láìdúró dè é?

Ìgbà tí mo walẹ̀ jìn ni mo kan omi. Bí ọdún bá yí, tí ọdún tuntun sì fúnra rẹ̀ kún orúkọ, tí a gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò, tí orúkọ náà wá ṣí lọ kí ọjọ́ 45 tó pé, ọdún náà a di òfo; Verisign, tí í ṣe akọ̀wé àgbà fún gbogbo orúkọ .com láyé, a sì dá owó padà. Ta ni ó ń dá a padà fún? Ẹ má wo ojú mi. Oníṣòwò àtijọ́ ni, ẹni tí ó ti gba tèmi sápò. A ní kí ó bá ni fẹ́ ojú, ó fi ata sẹ́nu. Ó tún ní kí a san owó ata.

Àwọn àgbà ìdí kọ̀ǹpútà ní kí n dúpẹ́, nítorí láti 1995 tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó orúkọ wọ̀nyí, Network Solutions nìkan ni ó ń tà wọ́n, 100 dọ́là fún ọdún 2 àkọ́kọ́, kò sì sí ibòmíràn tí ènìyàn lè sá lọ títí di 1999. Mo dúpẹ́. Nígbà náà, ẹnìkan ní í jẹ owó ẹni. Òmìnira dé, wọ́n di méjì.

Èmi ìbá tilẹ̀ ti sá padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó orúkọ dé kì í tètè rí àyè kó o kúrò. 60 ọjọ́ ni wọ́n fi tì mí mọ́lé. Inú àhámọ́ yìí ni lẹ́tà oníṣòwò àtijọ́ ti bá mi lánàá: ó ní àárò mi ń sọ òun, pé bí mo bá lè padà wálé, òun yóò fún mi ní ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wo ọdún ọ̀fẹ́ náà títí. Ojú rẹ̀ jọ ojú ọdún mi.