Alárinà Tó Ń Gba Owó Epo

A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Àgbà ló pa á, ó sì pa á dáadáa. Àmọ́ ẹ wo ẹnu tí òwe yìí ti ń jáde lágbègbè Ifẹ̀wàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà báyìí: ẹnu ẹni tó jẹ̀bi ni.

Awakùsà wọ oko kòkó olóko, ó gbẹ́ kòtò wúrà sí ìdí igi, ó da odò rú. Bàbá olóko ò tíì rí lọ́yà tí fóònù rẹ̀ fi dún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ó dé kóòtù. Ọmọ ìyá ni gbogbo wa." Ta ní ń sọ̀rọ̀? Ọ̀gbẹ́ni tó mọ ọ̀gá ọlọ́pàá, tó tún mọ ẹni tó mọ gómìnà. Alárinà ni. Kò dé oko náà rí, kò bèèrè iye igi tó ṣubú. "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é" ni gbogbo ìdájọ́ rẹ̀. Owó tó yẹ kó kan olóko sì di owó epo mọ́tò rẹ̀. Bí bàbá bá kọ̀, wọ́n á ní alágídí ni, kò gbọ́ tàgbà.

Ìjẹ̀ṣà tó mọ ìtàn ogun Kírìjí mọ bí ìlàjà tòótọ́ ṣe ń rí. Nígbà tí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 yẹn ti sú tọ̀tún tòsì, àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó Ìbàdàn lọ sí ti Èkìtìparapọ̀. Ohun tí oníkálukú máa pàdánù wà nínú ìwé: Ìbàdàn yọwọ́ lọ́rọ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àwọn náà fi Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n fìdí àdéhùn múlẹ̀ ní Imẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì dáná sun àwọn ibùdó ogun.

Ọ̀rọ̀ títú Modákẹ́kẹ́ ká tó wà nínú ìwé kan náà ni wọn ò mú ṣẹ bọ̀rọ̀. Ó di 1909 kí wọ́n tó tú ìlú náà ká. Àwọn èèyàn padà síbẹ̀. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1997, ó wọ 2000. Ará Ifẹ̀wàrà ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un, Ifẹ̀ ò kúkú jìnnà.

Òfin ìlàjà tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún 2023 ní kí alárinà sọ ọ́ síta bí ohunkóhun bá wà tó lè mú un ṣe ojúsàájú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni tó mọ gómìnà, kí ẹ tó tún pe olóko kankan, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un iye tí awakùsà ti fi ránṣẹ́ sí yín.