Oríkì Àjàgbé, Alùpùpù Tó Ń Gun Òkè

Àjàgbé o, ọmọ irin! Mo bọ́ fìlà kí ọ, mo bọ́ bàtà kí ọ. Bàtà òsì ni mo fọwọ́ ara mi bọ́. Ti ọ̀tún ti já níbi tí mo ti ń gbá kíkì rẹ láti òwúrọ̀.

Ẹni tó bá bi mí ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Àjàgbé, kó bi àwọn ará àdúgbò. A jà ká tó gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ tí o dé. A jà ká tó gbé ọ dìde lójú títì. Ìjà tí a jà ká tó gbé ọ kúrò nínú ẹrẹ̀, n ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àjàgbé, a-ga-má-ṣeé-gùn,
ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bíi lékeléke,
arẹwà nínú ìdúró, oníwàhálà nínú ìrìn.
O dún bí ìbọn, o rìn bí ìgbín.
Ẹni tó rí ọ lókèèrè ní, "Ẹṣin ọba ń bọ̀!"
Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ní, "Ẹ bá mi mú un!"
Ọmọ Ògún tí kì í jajá,
owó epo ló ń jẹ.

Mo wọ̀n ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí o wọlé. Mo yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà tó wà nítòsí ilé wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó rẹ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 88. Mo wọn ẹsẹ̀ tèmi náà, láti gìgísẹ̀ dé abẹ́ ṣòkòtò: 76. Káfíńtà wo téèpù, ó wò mí, ó tún wo téèpù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kan àpótí kan fún yín ni?" Mo ní kó kàn án. Láti ọjọ́ náà ni àpótí ti ń bá wa rìn, mo fi rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀yìn rẹ. Ọba wo ni kì í ní àpótí ìtìsẹ̀?

Táyà iwájú rẹ jẹ́ ínǹṣì 21, tẹ̀yìn 18, eyín ara wọn sì yọ síta bí eyín ọ̀yà. Lórí ọ̀dà, eyín yẹn ń kùn bí odidi ilé oyin, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì máa ń wòkè kí wọ́n tó wo ọ̀nà. Ike tó bo táyà iwájú ga sókè bí àgógó ẹnu àkàlà. Wọ́n ní ó ga bẹ́ẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà há sáàárín òun àti táyà. Òótọ́ ni, kò há síbẹ̀ rí. Ojú mi ló ń bà sí.

Ìwọ kì í ṣe ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó tà ọ́ fún mi ka ìtàn ìran rẹ láìmí. Ó ní ìbátan rẹ ni Yamaha XT500 tí Cyril Neveu, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gùn nínú ìdíje àkọ́kọ́ láti Paris dé Dakar. Wọ́n gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já, Neveu sì gbapò kìn-ín-ní ní oṣù Kìn-ín-ní 1979. Ọ̀gbẹ́ni náà sọ ọ́ bíi pé òun ló ń bu omi fún Neveu lọ́nà. Mo bi í léèrè bí ẹ ṣe jẹ́ síra yín. Ó ní, "Bàbá, táyà mélòó ni XT500 ní? Tèyí ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò. Ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ gan-an, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní lọ́yà, èmi ò ní.

Ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú ẹbí yín tipẹ́. Ní 1983, Gabriel Igbinedion dá Okada Air sílẹ̀ ní Benin, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn èèyàn fi gba orúkọ náà lórí bàlúù, tí wọ́n gbé e fún alùpùpù tó ń kérò. Bàlúù ti kógbá wọlé tipẹ́, alùpùpù ló jogún rẹ̀. Kò sí oríkì ẹ̀fẹ̀ tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ kí wọ́n padà rẹ́rìn-ín sí.

Owó rẹ ńkọ́? Ìdajì ni mo san. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹni tí mo jẹ ní gbèsè, ọmọ-ọmọ òṣómàáló gidi. Bàbá rẹ̀ àgbà a máa ru aṣọ kiri ìlú àti ìletò, a tà á láwìn; bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, a ní òṣó ni òun ó máa ló títí tí òun ó fi gbowó òun. Ọmọ-ọmọ kò ní orúnkún fún ìyẹn mọ́. Orí WhatsApp ló ń lóṣòó sí. Ilẹ̀ kì í mọ́ kó má kí mi: "Ẹ káàárọ̀ sà. Máṣíìnì ńkọ́?"

Òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá la gbéra lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní oko kòkó sí. Mo fẹ́ kó rí ọ. Ká má purọ́, mo fẹ́ kó jowú.

Lábẹ́ bíríìjì Ọlá-Ìyá, yẹ́lò fífà nawọ́, gbogbo ọkọ̀ dúró. Èmi náà dúró. Ó wá ku ẹsẹ̀ tí n ó fi tẹlẹ̀. A jọ sùn sílẹ̀ ni, wẹ́rẹ́, bí àgbàlagbà tí oorun ń kùn. Ìyá elélùbọ́ kan gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀ o, bàbá. Àtáọ́ja ń kọjá ni?" Mo tú àpótí, mo gorí àpótí, mo gorí rẹ. Yẹ́lò fífà fi gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró dè wá. Ọlá ńlá ni.

Mo sì dúpẹ́ pé ọ̀nà wa kò gba ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun. Wọ́n ní nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, gé igi kan tó wó sódò, ìkòkò aró Ọ̀ṣun fọ́, ó sì figbe ta. Igi kan péré nìyẹn o. Sáléńsà rẹ kò tíì délé ayé nígbà náà, ìyẹn ni Òṣogbo fi rí ibi tẹ̀dó.

Wọ́n pè ọ́ ní a-kúrò-lójú-títì, ẹ̀rọ tí kò bẹ̀rù àtikúrò lórí ọ̀dà. Mo ń retí ibi tí a ó ti kúrò. Àṣé kò yẹ kí n yọ ara mi lẹ́nu: nígbà tí a rìn díẹ̀ sí i, ọ̀dà fúnra rẹ̀ ló kúrò lábẹ́ wa. Kòtò ń bẹ tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sí tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan là ń rí.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi fẹ́ purọ́, tí kò lè purọ́. Lẹ́yìn Ẹ̀sà-Òkè, mo dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ rẹ, mo tú ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀, mo jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì rẹ máa ṣiṣẹ́. Kòtò tó bá dé, o gbé e mì. Òkúta tó bá yọ, orúnkún mi nìkan ló mọ̀. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń kan bí ọtí, òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé tó kọ́kọ́ gun ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, o kú.

O kú sí Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ ariwo. Láàárín ìlú wọn àti Ìgbájọ ni ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ti gbóná jù, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà lápá kejì. Bí àgbá ṣe ń dún tí òkè ń dá a padà, kì-rì-jì, kì-rì-jì, òun ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886; ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò nínú bùdó. Mo gbá kíkì rẹ. O ní, "Kì-rì." Mo tún gbá a. "Kì-rì. Kì-rì." Jì kò jáde. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lójúde ń wò wá láti ìgbà tí a dé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó sinmi. Ogun ti parí."

Mẹkáníìkì kan nu púlọ́ọ̀gì rẹ pẹ̀lú etí ẹ̀wù rẹ̀, o jí. A kọrí sóko. Òjò alẹ́ àná ti sọ ilẹ̀ pupa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà di ọṣẹ. Amọ̀ kún àárín eyín táyà rẹ títí tí kò fi sí eyín mọ́, ọ̀yà di arúgbó. O ń yí lójú kan, ẹ̀yìn rẹ ń wá iwájú rẹ. Mẹkáníìkì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé jíà kẹta ni mo fi ń gun òkè yẹn. Ìyẹn kò sí nínú oríkì.

Ibi tí a dùbúlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gúnyán fún èèyàn kékeré. Bajaj Boxer ni. Iná iwájú rẹ̀ ti fọ́, síìtì rẹ̀ ti já, okùn ni wọ́n fi dì í. Ọmọkùnrin kan ló gùn ún, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Àpò kòkó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan kì í dín ní kílò 60, ìyá kan jókòó lórí àpò, adìyẹ wà lábẹ́ abíyá ìyá. Wọn ò sáré, wọn ò dúró. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ìyá náà ní, "Ẹ kú ìsinmi o!" Adìyẹ pàápàá yíjú wò wá. Wọ́n gun òkè náà tán, a ò rí wọn mọ́.

Ẹnu mi fẹ́ yà sí oríkì Boxer. Mo rántí pé ìwọ ni mo jẹ gbèsè lé lórí, mo bá padà sọ́dọ̀ rẹ:

Àjàgbé, a-bá-ẹrẹ̀-mulẹ̀,
o rí òkè, o dọ̀bálẹ̀ fún un,
ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé, tó mọ àgbà.
Wọ́n rán ọ nígbó, o tẹ́ní sígbó.
Ìbátan aṣálẹ̀ Sàhárà,
òjò alẹ́ kan ló mú ọ.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ni píkọ́ọ̀pù kan tó ń kó kòkó lọ sí Iléṣà kó wa. Ọkùnrin márùn-ún ló jà kí wọ́n tó gbé ọ sókè, orúkọ rẹ tún ro wọn. Wọ́n tẹ́ ọ sórí àpò kòkó, wọ́n fi okùn dì ọ́ lápá, wọ́n dì ọ́ lẹ́sẹ̀, gíláàsì rẹ ń wo ojú ọ̀run. Èmi jókòó ti ọ́ lórí àpótí káfíńtà.

A kò tíì dé Iléṣà tí fóònù fi dún. Ọmọ-ọmọ òṣómàáló ni. "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Máṣíìnì ńkọ́?"

Mo wo ìwọ, mo wo àwọn àpò kòkó tó wà lábẹ́ rẹ. Mo ní, "Ó wà lókè."

"Ẹ ò rí i?" Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mo sọ fún yín pé ó ń gun òkè!"